Adìẹ Funfun Ìyá Ṣẹ̀gilọlá

Ìyá Ṣẹ̀gilọlá gbé àgbébọ̀ funfun kan fún Móríyìkẹ́ ní ọ̀sìn: bó bá pa ọmọ, wọn á jọ pín in. Àkùkọ dúdú tó wà nílé Móríyìkẹ́ ló gùn ún. Nígbà tí ìyẹ́ hù lára àwọn ọmọ, gbogbo wọn dúdú bí kóró iṣin.

"O ti pààrọ̀ wọn!" Ìyá Ṣẹ̀gilọlá gbé adìẹ rẹ̀ lọ, ó kọ àwọn ọmọ sílẹ̀, ó sì ń pe Móríyìkẹ́ lólè káàkiri àdúgbò. Móríyìkẹ́ ṣàlàyé títí ó fi sú u.

Àwọn dúdú dàgbà, àwọn náà pa ọmọ. Àfi bí ọ̀kan ṣe funfun báláú láàárín wọn! Kíá, Ìyá Ṣẹ̀gilọlá ti dé.

"Tèmi nìyí! Àwọ̀ adìẹ mi gan-an!"

Móríyìkẹ́ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò kúnlẹ̀. "Ìyá mi, ọmọ tí ò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Àwọn dúdú jọ bàbá wọn, ẹ ní mo jalè. Àwọn dúdú tí ẹ kọ̀ yẹn náà ló bí funfun yìí. Bó bá jẹ́ tiyín, ẹ kọ́kọ́ lọ kó orúkọ olè tí ẹ pín kiri láti ilé dé ilé padà, kí ẹ tó wá mú un."

Ìyá Ṣẹ̀gilọlá wo àdúgbò lọ títí. Ilé pọ̀ níbẹ̀.