Ìlà Pupa Lára Àpáta

Jagùnnà, olórí ogun Òkè-Ìyàn, ní kí Akínlàbí agbẹ́kùúta lu àpáta kan tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó là sí méjì. Kò là, Jagùnnà sì bẹ́ ẹ lórí síbẹ̀. Ó wá pe Àwẹ̀ró, àbúrò òkú: “Ó kàn ẹ́.” Àwẹ̀ró bu omi, ó fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò. Òkè àpáta mọ́, ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti wọ àárín ìpele méjì, ó fa ìlà pupa tín-ín-rín. Òkè ni Akínlàbí ti lù ú, bí wọ́n ṣe ń lu òkúta ọlọ. Àwẹ̀ró fi irin ti ìlà náà, ó sọ òòlù lé e. Àpáta là. “Ta ló kọ́ ẹ?” ni Jagùnnà bi í. “Ẹ̀yin ni, Olóyè. Ká ní ẹ ò pa ẹ̀gbọ́n mi síbẹ̀, mi ò bá tí mọ ibi tó ti máa là.”