Ẹran Eléyín Gígùn ti Odò Àrọ́

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró, mo kí yín kú ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má retí ẹ̀rín lẹ́nu mi, nítorí inú ń bí mi. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ Ìdí-Ahùn, tí ó ti lo ogójì ọdún nínú igbó, tí Ògúnṣakin, Olúọdẹ wa, sì pè ní òpùrọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ.

Kí ni mo sọ? Mo ní mo rí ẹran kan létí odò Àrọ́ tí kò ju ẹtu lọ, tí kò ní ìwo rárá, ṣùgbọ́n tí eyín méjì yọ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ aránṣọ. Ó pupa rúsúrúsú, àmì funfun sì tò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní nígbà tí mo dojú ìbọn kọ ọ́, ó bẹ́ sódò, ó sì ń rìn nísàlẹ̀ omi bí ẹni ń lọ sọ́jà. Ògúnṣakin ní irọ́ ni, àti pé bí n kò bá gbé òkú rẹ̀ wá láàárín ọjọ́ méje, n kò ní bá wọn ṣọdẹ mọ́ láé. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Mo padà sódò pẹ̀lú ìbínú tó lè se iṣu jinná. Ní ọjọ́ kẹta, ní ọ̀sán gangan, mo bá a tí ó ń jẹ akàn lórí òkúta. Mo fò mọ́ ọn, ó fà mí wọ omi, a jà, a jà, títí mo fi dì í lọ́rùn mú, tí mo sì fa ọ̀bẹ yọ.

Ẹran náà wò mí, ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, kí ni mo ṣe ọ́?"

Mo ní, "O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Olúọdẹ ni kò gbà pé o wà."

"Ògúnṣakin? Ẹni tí mo yọ sí láti inú omi lọ́dún tó kọjá, tó fi bàtà kan sílẹ̀ sá lọ? Bó o bá gbé òkú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò ní ẹtu tí eyín ń ṣe lo pa. Òun fúnra rẹ̀ ni kó o bi."

Mo fi í sílẹ̀. Tomi-tomi ni mo gba ìpàdé ọdẹ lọ, mo sì fi àdá mi lélẹ̀ níwájú Ògúnṣakin.

Mo ní, "Baba, ẹ kú ìjókòó. Mo fi ẹnu kan irin yìí pé mo rí ẹran náà. Ó kàn yín. Ẹ fi ẹnu tiyín kàn án, kí ẹ ní ẹ ò rí i rí."

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọdẹ tó bá fi irin búra èké kì í rí òpin ọdún. Baba na ọwọ́ sí àdá, ó tún fa ọwọ́ padà. Ó rọra ní, "Ọdẹ́jìnmí, ṣé kí Olúọdẹ sọ fún ìlú pé ẹran tí kò tó ewúrẹ́ lé òun sá ni?"

Ó mọ̀! Ó mọ̀, ó sì fẹ́ fi orúkọ mi bo ẹ̀rù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn yòókù bẹ̀ mí títí, mo sì jókòó sí àyè mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn bẹ̀rù. Ohun tó burú ni kí ó pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́ nítorí pé ó bẹ̀rù. Kí ilé san yín o, kí ọ̀nà yín là. Ní tèmi, orí ẹrankẹ́ran tí mo bá pa, tí í ṣe ẹ̀tọ́ Olúọdẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ajá mi ló ń jẹ ẹ́.