Ìdí Tí Orí Igún Fi Pá, Tí Kì í sì í Ké

Láyé ọjọ́un, nígbà tí àwọn ẹyẹ ṣì ní ilé-ìwé nínú igbó, Igún ni ọ̀gá ilé-ìwé wọn. Ìyẹ́ kún orí rẹ̀ nígbà náà, ó ń dán, kì í sì í jẹ́ kí ìdọ̀tí kàn án.

Ní àràárọ̀, kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀ láti gbá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìwà ọ̀lẹ! Wọn kì í kó ìdọ̀tí dànù. Kíláàsì kan á gbá tirẹ̀ sí ìpín èkejì, ìyẹn náà á tì í síwájú, títí yóò fi dé ẹnu ìsun omi tí gbogbo wọn ń mu. Igún pàápàá, bó bá ti jẹ ẹ̀kọ tán, ojú fèrèsé ló ń ju ewé rẹ̀ gbà. Àwọn ọmọ sì ń wò ó.

Olùkọ́ Ẹyẹlé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré, lọ bá a.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìsun yẹn ti ń rùn. Ẹ jẹ́ ká jọ kó ìdọ̀tí ibẹ̀ kúrò, àtolùkọ́ àtọmọ. Bí wọ́n bá rí ẹ̀yin níbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò jókòó."

Igún rẹ́rìn-ín. "Èmi ọ̀gá? Kí n wá fi ìyẹ́ orí mi yìí wọ inú ẹrẹ̀? Ẹ sọ fáwọn ọmọ kí wọ́n gbá a."

Ẹyẹlé sọ fún wọn. Wọ́n gbá a bí wọ́n ṣe máa ń gbá a.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ìsun dí pátápátá. Omi dúdú díẹ̀ ló kù lórí àpáta. Òùngbẹ gbẹ Àṣàbí, ọmọ Ológoṣẹ́, tó kéré jù nínú ilé-ìwé, ló bá mu ún. Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, tó ń gbọ̀n. Ẹyẹlé gbé e sábẹ́ apá, ó ń pariwo, "Ẹ fún mi lómi tó mọ́!" Omi dà?

Ẹ̀rù ba Igún. Ó sáré lọ sídìí ìsun, gbogbo ilé-ìwé tẹ̀ lé e. Ìdọ̀tí ti wọ inú ihò àpáta lọ jìnnà, ọrùn gígùn nìkan ló lè dé ibẹ̀. Igún ki orí bọ inú ìjẹrà, ó ń fi ẹnu fà á jáde. Àwọn olùkọ́ ń gbà á, àwọn ọmọ ń kó o lọ sínú kòtò. Bó ti ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ́ orí rẹ̀ ń re.

Omi sun jáde, ó mọ́, ó tutù. Ẹyẹlé bu díẹ̀ sí Àṣàbí lẹ́nu. Ó dùn mí láti sọ ọ́: Àṣàbí kò gbé e mì.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo omi, ó wo Igún.

"Ọ̀gá," ló wí, "ṣé ẹ lè ṣe é báyìí, tẹ́ ẹ fi dúró di òní?"

Igún la ẹnu. Kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Láti ọjọ́ náà ni orí igún ti pá, tó sì ń kó ohun tó bá jẹrà kúrò nílẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rí i lórí ààtàn, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Àwọn ẹyẹ yòókù á máa ké, igún ò ní ké. Títí dòní, kò tíì rí èsì fún ìyá Àṣàbí.