Akínṣìpẹ̀ àti Àwọn Ọ̀pẹ Ẹ̀yìnkùlé Rẹ̀

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹyẹ nìkan ni ó ń gbin ọ̀pẹ, tí ọmọ ènìyàn kàn ń bá a nínú igbó tí ó sì ń kọ ẹyìn rẹ̀, ọkùnrin kan wà ní ìlú Ìlámọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Akínṣìpẹ̀. Òun ni Balógun ìlú náà. Akínṣìpẹ̀ ọkùnrin ogun, agbóguntì má mikàn, ẹni tí àwọn ọ̀tá ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lókèèrè tí wọ́n ti ń ká ẹrù wọn! Bí ẹ bá sọ fún ẹnikẹ́ni láyé ìgbà náà pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé agbè lọ sódò láàárọ̀, tí yóò máa bomi rin ọ̀pẹ, wọn yóò ní orí yín ti dàrú. Ṣùgbọ́n ó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sì sọ ohun tí ó fà á.

Ní ọdún kan, Alámọ̀, ọba ìlú, rán an lọ sí ogun Ìgòdò. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú tẹ̀lé e lọ rẹpẹtẹ. Ìgè, àkọ́bí òun fúnra rẹ̀, wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n dé etí odò tí ó wà níwájú ìlú Ìgòdò, odò náà kún dẹ́nu. Àwọn àgbà jagunjagun bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ní sùúrù kí omi fà. Akínṣìpẹ̀ kò gbọ́. Àwọn ènìyàn ti yìn ín ju bí ó ti yẹ lọ, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti ń rò pé odò pàápàá yóò yà fún òun. Ó ní kí àwọn ọmọ wọ omi, wọ́n sì wọ̀ ọ́. Àárín odò ni wọ́n wà tí ọfà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé wọn lórí. Ó ṣẹ́gun níkẹyìn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irú ìṣẹ́gun wo nìyẹn? Àwọn tí ó kú kò ṣeé fẹnu sọ, omi gbé gbogbo òkú wọn lọ, a kò rí ẹyọ kan gbé wálé sin.

Ọjọ́ tí wọ́n padà dé, àwọn ìyá ti tò sí ẹnu odi. Opó kan wà láàárín wọn tí kò bí ju ọmọ kan ṣoṣo lọ. Àlàdé ni orúkọ ọmọ náà, Ìyá Àlàdé sì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó wo àwọn tí ó ń wọlé lójú lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi tán, ó wá yíjú sí Balógun.

“Balógun, Àlàdé mi dà?”

“Ìyá, ẹ má bínú. Odò gbé e lọ.”

“Odò gbé e lọ.” Obìnrin náà kò pariwo. “Níbo ni kí n wá jókòó sí kí n máa sunkún ọmọ mi? Ṣé kí n máa lọ sí etí odò Ìgòdò ni?”

Akínṣìpẹ̀ gba ilé rẹ̀ lọ. Ó wọlé, ó sì kọ oúnjẹ. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ń sunkún Ìgè ọmọ wọn, tí odò gbé lọ pẹ̀lú, nínú yàrá; Akínṣìpẹ̀ kò lè wọlé tọ̀ ọ́ lọ nítorí pé kò mọ ojú tí òun yóò fi wò ó. Ọ̀rọ̀ opó yẹn ni ó ń dún létí rẹ̀. Níbo ni kí ó jókòó sí? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú ọkọ́, ó wọ igbó lọ, ó sì ń wú àwọn ọmọ ọ̀pẹ kéékèèké tí ó hù lábẹ́ ìyá wọn. Ìdí ọ̀pẹ ni àwọn ará Ìlámọ̀ máa ń ri ìwọ́ ọmọ tuntun mọ́ láyé ọjọ́un, nítorí náà Akínṣìpẹ̀ rò ó pé ìdí ọ̀pẹ náà ni ìyá ọmọ lè jókòó sí bí kò bá rí sàréè. Ó gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tí odò gbé lọ, ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ìyá wọn kí wọ́n wá mọ ti ọmọ wọn.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀tún rẹ̀, tí wọ́n jọ ń lọ sógun, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí i lójú.

“Balógun, ohun tí ẹyẹ ń gbìn lọ́fẹ̀ẹ́ ni ẹ ń torí ẹ̀ làágùn bí eléyìí? Ẹ jẹ́ ká lọ wá nǹkan gidi ṣe.”

“Ṣáà máa lọ,” ni Akínṣìpẹ̀ wí, kò sì gbójú sókè.

Ṣé ẹ mọ àṣìṣe tí ó ṣe? Ó gbìn wọ́n bí ẹni tí ń to ọmọ ogun, wọ́n fara kan ara wọn gbagbaga, kò sí àyè. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, imọ̀ ọ̀pẹ náà ti lọ́ mọ́ra, àwọn tí ó wà láàárín ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n ń na ọrùn wá oòrùn. Ọjọ́ tí ó ṣàkíyèsí rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ nínú pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. “Háà! Mo tún ti kó wọn há síbi tí wọn kò ti lè mí.” Ó sunkún níbẹ̀, Balógun Ìlámọ̀ odidi. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í hú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí wọn, ó ń tún wọn gbìn jìnnà síra, ó sì ń gbé èyí tí ó bá hú mọ́ àyà bí ìgbà tí a gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ọgbà rẹ̀ gbòòrò títí ó fi kan odi.

Láti ìgbà náà, kò ní iṣẹ́ mìíràn tí ó wù ú. Ó ń ro ìdí wọn, ó ń da eérú sí i, ó ń rẹ́ imọ̀ tí ó bá gbẹ. Kòkòrò abìwo tí í gbẹ́ orí ọ̀pẹ, ọwọ́ lásán ni ó fi ń yọ ọ́. Bí ó bá ti dé inú ọgbà láàárọ̀, a máa kí wọn lórúkọ: “Àlàdé, o jí bí? Ìgè, ṣé kò sí?” Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so, kò ta ẹyìn kan. Ìyá oníkálukú ni ó ń kó ti ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Ìyá Àlàdé ń wá lójoojúmọ́, a jókòó ti ọ̀pẹ Àlàdé, a bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò dá Akínṣìpẹ̀ lóhùn rí bí ó bá kí i. Akínṣìpẹ̀ náà kò sì dẹ́kun kíkí i.

Ọdún ń gorí ọdún. Ní ìgbà ọyẹ́ kan, àwọn ará Ìgòdò wá gbẹ̀san. Wọ́n sun àwọn abà tí ó wà lóko, wọ́n tẹ̀dó yí odi ká, wọ́n sì jókòó kalẹ̀ kí ebi bá wọn ja ogun náà. Ebi sì jà. Àwọn ará Ìlámọ̀ jẹ ẹran ọ̀sìn tán, wọ́n jẹ irúgbìn tí wọ́n fẹ́ gbìn, wọ́n wá dojú kọ àwọn ọ̀pẹ tí ó wà nínú odi. Ní orí ọ̀pẹ, nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ewé titun ti ń yọ, ohun funfun kan wà níbẹ̀ tí ó rọ̀ tí ó sì dùn, òun ni à ń pè ní ọ̀gọ̀mọ̀. Ó ń dá ebi dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ tí a bá ti yọ ọ̀gọ̀mọ̀ rẹ̀, ó tán fún un nìyẹn. Kò ní rúwé mọ́, ìdúró ni yóò kú sí. Wọ́n yọ ti gbogbo ọ̀pẹ ìlú, ó wá ku ti ẹ̀yìnkùlé Balógun.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́. Wọ́n kàn ń wá dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú igbá òfìfo, wọ́n á wolẹ̀, wọ́n á padà. Àwọn ọmọdé ti ń kú. Alámọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó wá níkẹyìn, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

“Akínṣìpẹ̀,” ni ọba wí, “mo rán ọ níṣẹ́ rí tí o jẹ́ ẹ, tí ó dùn wá títí di òní. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ tí mo lè rán ọ. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni.”

Akínṣìpẹ̀ dọ̀bálẹ̀, kò lè dìde bọ̀rọ̀. Àwẹ̀ró ni ó fọhùn lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì gbẹ. “Bàbá Ìgè, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara tiwa.”

Akínṣìpẹ̀ fi igbà gun ọ̀pẹ Ìgè. Nígbà tí ó dé orí rẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ ọn. “Ìgè, má bínú sí mi. Àwọn àbúrò rẹ ni yóò jẹ ẹ́.” Ó wá gbé àáké sókè. Àwọn ìyá yòókù sì ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọjọ́ ti ń lọ, oníkálukú ń fi ọwọ́ pa ara ọ̀pẹ ọmọ rẹ̀, a sì ní kí ó máa gé e. Ẹkún ọgbà yẹn kò ṣeé gbọ́. Akínṣìpẹ̀ gun gbogbo wọn fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a gun ọ̀kan.

Ó ku ti Àlàdé. Ìyá Àlàdé ti jókòó sí ìdí rẹ̀, ó fẹ̀yìn tì í.

“Gbogbo ẹ̀yin tó gé tiyín, ẹ lọ́mọ mìíràn nílé,” ni ó wí. Ó wá wo Akínṣìpẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ẹnu odi nìyí. “Ìwọ lo kó o lọ. Ṣé o tún fẹ́ gé e lórí lójú mi ni?”

Inú bí Ọ̀tún. “Ìyá, ẹ dìde níbẹ̀, àbí ká gbé yín dìde!”

Akínṣìpẹ̀ ju àáké sílẹ̀ gbàù. “Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè!” Ó yíjú sí ọba, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. “Kábíyèsí, ohun tí ó wà lórí ọ̀pẹ kan kò tó oúnjẹ òwúrọ̀ fún ìlú. Bí a bá jẹ ẹ́ tán, ọ̀la ńkọ́? Ebi yìí kò ní kúrò àfi bí àwọn tó wà lẹ́yìn odi bá kúrò. N kò ní pàṣẹ fún ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́ kí ó tẹ̀lé mi lọ kú. Èmi ń lọ. Ẹni tó bá wù kó bá mi lọ, kó máa bọ̀.”

Wọ́n tẹ̀lé e. Èèyàn ni wọ́n, wọn kò lè jẹ́ kí ó dá lọ. Ní ìdájí, wọ́n ṣílẹ̀kùn odi. Imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ ni àwọn ará Ìgòdò fi ṣe àgọ́ wọn, ọyẹ́ sì ń fẹ́ lọ́wọ́. Akínṣìpẹ̀ ní kí àwọn tí ó tẹ̀lé e dúró ti ẹnu odi, kí wọ́n máa pariwo kí ọ̀tá lè kọjú síbẹ̀. Òun nìkan ni ó gbé ògùṣọ̀ gba ẹ̀yìn lọ sínú àgọ́. Kí oòrùn tó yọ, gbogbo àgọ́ náà ti gbiná, iná ran igbó, ó ń jó lọ ràì, àwọn ará Ìgòdò sì ń sá lọ láìwẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọfà ti bà á ní ìhà, ó sì wọlé jinlẹ̀.

Ọ̀tún ni ó bá a níbi tí ó ṣubú sí, ó gbé orí rẹ̀ lé itan.

“Ṣé gbogbo wọn pé?” ni Akínṣìpẹ̀ bi í.

“Gbogbo wọn pé, Balógun. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù.”

“Kà wọ́n dáadáa o.”

Ọ̀tún kà wọ́n sókè kí ó lè máa gbọ́. Kò gbọ́ ọ tán tí ó fi dákẹ́.

Ní Ìlámọ̀, a kì í tẹ́ Balógun sí ilẹ̀ lásán bí ó bá kú. Màrìwò tútù, ewé ọ̀pẹ tí kò tíì là, tí à ń gé láti inú ọ̀gọ̀mọ̀, ni a máa ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, ni wọ́n bá dúró. Iná ti jó àwọn ọ̀pẹ tí ó wà lẹ́yìn odi. Wọ́n ń wo ara wọn lójú, kò sí ẹni tí ó lè wo apá ibi tí ọ̀pẹ Àlàdé wà.

Ìyá Àlàdé dìde ní ìdí rẹ̀. Ó lọ mú àáké níbi tí Akínṣìpẹ̀ jù ú sí, ó sì gbé e lé Ọ̀tún lọ́wọ́.

“Ẹ gé e.”

“Ìyá, ẹ rò ó dáadáa. Ó kú nìyẹn o.”

“Mo mọ̀. Mo ní kí ẹ gé e.”

Orí màrìwò Àlàdé ni wọ́n tẹ́ Akínṣìpẹ̀ sí, àárín ọgbà náà ni wọ́n sì sin ín sí. Àwọn ọ̀pẹ yí i ká lórí ìdúró, wọ́n gbẹ, wọ́n sì ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọdún ti ń lọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ́lé sórí ilẹ̀ náà títí di òní. Ọgbà Akínṣìpẹ̀ ni à ń pè é. Láti ìgbà náà sì ni àwọn ará Ìlámọ̀ ti ń fi ọwọ́ gbin ọ̀pẹ sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ń fún un ní àyè tó pọ̀, tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, tí wọn kì í sì í jẹ ọ̀gọ̀mọ̀ bí ebi ti wù kó pa wọ́n tó.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Ìyá Àlàdé wú ọmọ ọ̀pẹ kan wá, ó gbìn ín sí orí sàréè Balógun. Òun ni ó ń bomi rin ín ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ara àgbà, títí ó fi kú. Àwọn tí ilé wọn súnmọ́ ibẹ̀ máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò dárí jì í, kò fìgbà kan sọ pé òun dárí jì í. A rọra da omi náà síbẹ̀, a ní, “Akínṣìpẹ̀, ìwọ lo kó ọmọ mi lọ o. Ó yá, mu omi.”