Apolówó Tí Kò Rí Ọjà Rẹ̀ Rí

Ọkùnrin kan wà tó ń polówó ọjà tí kò fojú rí rí. Kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní àtẹ, kò sì kiri. Inú fóònù ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọlọ́jà kan tó ń gbé lọ́nà jíjìn ló ni ọjà, òun ló ń dì í, òun ló sì ń fi í ránṣẹ́. Iṣẹ́ ti ọkùnrin yìí ni kó wá ẹni tí yóò rà á. Ọlọ́jà fún un ní líǹkì kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ ẹ́, tó sì rajà, ọlọ́jà á mọ̀ pé ọkùnrin yìí ló mú un wá, á sì fún un ní kọmíṣàn. Kí líǹkì náà lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ń sanwó fún àwọn tó ni ìkànnì tí tọmọdé tàgbà ti ń pàdé, wọ́n sì ń bá a gbé ìpolówó rẹ̀ síwájú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Má rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe mọ èèyàn ju bí àwọn tó jọ ń gbé inú ilé kan ṣe mọ ara wọn lọ. Ó ń yan ọjọ́ orí, ó ń yan ìlú, ó tún ń yan ohun tó ń dun èèyàn. Ó lè sọ fún ẹ̀rọ pé, àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni mo fẹ́, àwọn tó ń gbé ní agbègbè báyìí, tí wọ́n ń wá oògùn kiri. Ẹ̀rọ á sì bá a ṣà wọ́n jọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Lọ́dún àkọ́kọ́, iṣẹ́ náà kò ṣẹnuure. Ó polówó tíì tó ń fa ikùn wọlé, kò tà. Ó polówó bẹ́líìtì ẹ̀yìn ríro, ó tà díẹ̀, àwọn tó rà á sì dá a padà. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà. Ńṣe ló kàn ń wò ó, kò sọ̀rọ̀, ìyẹn sì ń dun ọkùnrin náà ju ìjà lọ.

Nígbà tó yá, ọlọ́jà gbé oògùn ojú kan dé. Ó ní bí èèyàn bá ń kán an sójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ojú tó ń ṣú á mọ́lẹ̀, kò sì ní nílò ilé ìwòsàn mọ́. Kọmíṣàn rẹ̀ ju ti gbogbo ọjà yòókù lọ. Ọkùnrin náà kò béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é. Kò ní kí wọ́n fi ìgò kan ránṣẹ́ kí òun wò ó. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni bí àwọn apolówó yòókù ṣe ń polówó rẹ̀.

Ó rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń kọ, pẹ̀lú àwòrán òyìnbó kan tó wọ ẹ̀wù funfun bíi dókítà. Ẹ̀rín pa á. Òun mọ àwọn àgbà ilé. Àgbà ilé kì í ka ọ̀rọ̀ gígùn lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè gba àlejò gbọ́. Ohùn ló ń gbọ́. Bí ohùn bá ń sọ èdè ìlú rẹ̀, tó sì kí i bí ọmọ ilé ṣe ń kí àgbà, á gbé fóònù mọ́ etí, á gbọ́ ọ dópin, á tún fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà pinnu pé ohùn ara òun lòun máa fi polówó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nìyí.

Obìnrin kan wà ní ìlú rẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Aránṣọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni. Òun ló gbà á tọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo ló sì fi tọ́ ọ débi tó dé. Nígbà tí ojú obìnrin yìí ṣì dá ṣáká, ó máa ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwò ó, á máa bá oníbàárà ṣàwàdà lọ ni. Ṣùgbọ́n ojú náà ti ń yọ ọ́ lẹ́nu fún bí ọdún méjì. Dókítà ti fún un ní oògùn tí yóò máa kán sí i, ó sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Ọkùnrin yìí mọ̀. Òun ló sanwó ìgò àkọ́kọ́.

Nígbà tó jókòó láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ìkíni Ìyá Aránṣọ ló fi bẹ̀rẹ̀. “Ẹ̀yin àgbà ilé, ẹ kú ojú lọ́nà o. Ire lẹ ó máa fojú rí.” Ó wá sọ ti oògùn náà. Ó tẹ́tí sí i, ó rí i pé kò tíì dùn tó, nítorí kò sí ẹlẹ́rìí níbẹ̀. Ó bá tún un gbà, ó fi èyí kún un: “Aránṣọ ni ìyá tó tọ́ mi dàgbà. Ojú wọn ti ń ṣú tẹ́lẹ̀. Wọ́n lo oògùn yìí fún oṣù kan péré, wọ́n sì ju tilé ìwòsàn nù. Lónìí, wọ́n ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwò ó.”

Kì í ṣe pé ó fẹ́ ìyá náà níbi. Ó tilẹ̀ ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ẹni ń wúre fún un ni. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, irọ́ tí a fi orúkọ ẹni tí a fẹ́ràn pa kì í korò lẹ́nu. Ó yan àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó yan gbogbo agbègbè tí wọ́n ti ń sọ èdè ìlú wọn, ó sanwó, ó sì fi ìpolówó náà síta.

Ọjà náà tà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyàwó rẹ̀ ti ń bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Ní àràárọ̀, ó máa ń ṣí fóònù wò láti mọ ibi tí àwọn tó rajà ti wá. Ibòmíràn ń rà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú tirẹ̀ gan-an ń rà bí ìgbà tí èèyàn ń ra iyọ̀. Ó yẹ kó bi ara rẹ̀ pé, kí ló dé? Kí ló wà ní ìlú mi tí kò sí níbòmíràn? Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ yìí kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọjà bá ti ń tà ni wọ́n ń da owó ìpolówó sí. Ó dá ti ibi yòókù dúró, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lé ìlú rẹ̀ lórí.

Ní gbogbo àsìkò yìí, kò lọ sí ìlú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ń pe ìyá náà lórí fóònù, ìyá á ní àlàáfíà ni òun wà, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun kan, èyí tó ń lo iná, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó dorí kọ ilé. Ó ti ń rí i lọ́kàn bí ìyá yóò ṣe patẹ́wọ́.

Ọ̀sán gangan ló wọlé. Ìyá Aránṣọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú síta. Ẹ̀rọ àtijọ́ wà ní kọ̀rọ̀ ilé, wọ́n ti fi ìró bò ó. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó kí i. Ìyá nawọ́ síbi tí ohùn ti wá kó lè fọwọ́ bà á lórí, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kọjá lára rẹ̀, ó lọ ba ògiri.

“Àkànmú, ṣé ìwọ nìyẹn?”

“Èmi ni, Màmá. Kí ló ṣe ojú yín?”

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ká ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. “Má bínú sí mi. Oògùn ẹ ò tètè jẹ́ lára mi ni. Ìgò kẹrin ni mo wà yìí.”

“Oògùn wo, Màmá?”

“Èyí tó ò ń polówó náà ni. Àwọn ará ìsọ̀ ló gbé fóònù wá bá mi, wọ́n ní ohùn ọmọ mi rèé. Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ bó o ṣe kí wọn bí mo ṣe máa ń kíni, inú mi dùn. Ìgbà tó o wá débi tó o ti ní mo ti lò ó, gbogbo wọn yíjú sí mi. Wọ́n ní, ‘Ìyá Aránṣọ, ṣé òótọ́ ni?’ Kí ni kí n wí? Ṣé kí n ní ọmọ tí mo tọ́ ń purọ́? Mo ní òótọ́ ni. Mo bá ní kí wọ́n bá mi ra tèmi náà, mo sì ju tilé ìwòsàn nù bó o ṣe sọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ ẹ má baà já sí irọ́. Mo ti rò ó pé kó o tó dé, màá ti máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́.”

Ọkùnrin náà ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ìdí tí ìlú rẹ̀ fi ń rajà ju gbogbo ìlú lọ. Kì í ṣe ohùn dídùn ló tà á, kì í sì í ṣe èdè. Ẹ̀rí obìnrin yìí ni wọ́n rà, nítorí ẹni tí wọn kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí ni.

Ó gbé ìyá lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Dókítà tan iná sí ojú náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. Ó ní irú àrùn yìí kì í dá ohun tó bá ti mú lọ padà. Oògùn tí wọ́n jù nù kò lè la ojú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń dá àrùn náà lọ́wọ́ kọ́. Ó wá béèrè ẹni tó ní kí wọ́n ju oògùn nù. Ọkùnrin náà la ẹnu, ṣùgbọ́n ìyá ti yára dáhùn. “Ọjọ́ orí ló ń ṣe mí, dókítà. Mo ń gbàgbé ni.” Ó tún bò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin náà sunkún níwájú dókítà bí ọmọdé.

Ó yọ ìpolówó rẹ̀ kúrò kó tó jáde ní ọgbà ilé ìwòsàn. Ìyẹn kò gbà ju kó tẹ bọ́tìnnì kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohùn náà ti ti fóònù kan bọ́ sí òmíràn, ó ti dé ibi tí òun kò sanwó kó dé. Ó gba ohùn mìíràn sílẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun purọ́, ó sì sanwó kí wọ́n bá òun gbé e kiri. Àwọn tó gbọ́ ọ kò tó nǹkan. Ìròyìn ìwòsàn làwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn, wọn kì í fi ìjẹ́wọ́ ránṣẹ́.

Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó mú ìyá lọ rí dókítà bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró. Bàbá àgbà kan tó jókòó níwájú wọn gbé fóònù mọ́ etí, ohùn kan sì jáde níbẹ̀: “Ẹ̀yin àgbà ilé, ẹ kú ojú lọ́nà o.” Ọkùnrin náà dìde, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá náà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má ra oògùn yẹn, pé kò wo ojú. Bàbá náà wò ó tìyanutìyanu.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ̀ ju ẹni tí ìyá ẹ̀ lò ó lọ ni?”

Ìyá Aránṣọ wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wọn, ó ń gbọ́, ó sorí kọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun náà ṣì wà nínú páálí rẹ̀ títí dòní.

Ọ̀rẹ́ mi, o wá bá mi láàárọ̀ yìí, o ní o ti rí ọjà kan tí kọmíṣàn rẹ̀ dára. O ní kí n kàn bá ọ sọ gbólóhùn méjì sínú fóònù, torí pé àwọn èèyàn mọ ohùn mi. Mi ò ní kí o má polówó. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, àwọn bàbá wa ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó sọ ọ́, igbá ọjà wọn wà lórí wọn bí wọ́n ṣe ń ké e. Ìwọ tìẹ, mo bi ọ́ léèrè àwọ̀ ọjà náà, o ní o kò tíì rí i. Lọ rí i ná. Lò ó fúnra rẹ, kí o dúró wo ohun tí yóò ṣe. Bí kò bá sì sí ẹlẹ́rìí, má fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́rìí.

Má sì tan ara rẹ jẹ pé àwọn àlejò tí o kò mọ̀ rí ni yóò gbé ìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o bá sọ níta á padà wálé. Bó bá jẹ́ irọ́, ẹni tó fẹ́ràn rẹ jù ni yóò fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kó lè di òótọ́, kò sì ní sọ fún ọ. Ìyá rẹ ṣì ń bẹ nílé, wọ́n sì mọ ohùn rẹ.