Òkété, Kámẹ́rà Olókùn àti Ọmọ Ọ̀yà

Ààlọ́ o!
*Ààlọ̀!*
Ẹ dáhùn dáadáa jàre! Àbí ẹ ò tíì jẹun ni? Ààlọ́ o!
*Ààlọ̀!*

Àlọ́ mi ré kọjá oko, ó balẹ̀ gbì sẹ́nu kòtò kan nínú igbó. Inú kòtò náà ni Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀yà bí, já sí. Kòtò ọ̀hún jìn, ó sì wọ́ kọ́lọkọ̀lọ nísàlẹ̀. Àwọn ẹranko ju okùn títí, kò dé ọwọ́ ọmọ. Ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá mi, mo há sí kòtò.
*Fà mí sókè o!*
Òkùnkùn ṣú, mi ò ríran.
*Fà mí sókè o!*

Òkété nìkan ló ní kọ̀ǹpútà nígbó, òun náà ló ní kámẹ́rà olókùn, èyí tí wọ́n ń sọ sínú ihò, tí ohun tó bá rí yóò máa hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀yà sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Bàbá Òkété, ẹ dákun, ẹ bá mi wo ibi tí ọmọ mi há sí!”

“Ẹ kọ́kọ́ gbé agbọ̀n ẹyìn kan wá ná.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀kánjúwà! Ọmọ ń kú lọ, ẹyìn ló ń béèrè. Ọ̀yà gbé e wá. Òkété kó ẹyìn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó sọ kámẹ́rà sí kòtò, ó ki ìdí okùn bọ ara kọ̀ǹpútà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ tó dúró tì í ní, “Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà yìí ní kámẹ́rà tiẹ̀ níwájú orí. Ẹ yan ti orí okùn o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yin fúnra yín ló máa máa wò.”

“Pa ẹnu rẹ mọ́! Ìwọ lo bá mi rà á ni?”

Òkété ò yan nǹkan kan, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Háà! Ojú kan yọ: eyín gbàǹgbà, irùngbọ̀n ṣágiṣàgi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú bọ̀ǹbọ̀. Òkété ò sì rí ojú ara rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

“Ẹranko burúkú ló wà níbẹ̀! Ó ti jẹ ọmọ, òun ló ń fi ohùn ọmọ kọrin! Ẹ fi èéfín fín in!”

Ọ̀yà ní, “Ohùn ọmọ mi nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n.”

“Ìyá Àwẹ̀ró, etí lẹ fi gbọ́, ojú ni mo fi rí i. Èwo ló jù?”

Ọ̀yà fúnra rẹ̀ ló ṣa ewé gbígbẹ jọ, ó ń sunkún, ó ń ṣa á. Wọ́n ṣáná sí i, wọ́n ń fẹ́ ẹ. Èéfín wọ kòtò túú.

Ìyá mi, èéfín ń bọ̀ o.
*Fà mí sókè o!*
Ìyá mi, ọ̀fun mi...
*Fà mí sókè o!*

Ó tó. Ẹ má gbè é mọ́. Orin ti tán.

“A ti pa á!” Òkété ń fò sókè. Ọ̀yà tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lè rí ẹranko tó jẹ ọmọ rẹ̀. Kò rí ẹranko kankan. Ọ̀yà kan ló ń sunkún nínú kọ̀ǹpútà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ìyẹn náà gbé e.

“Èmi nìyí,” ló wí.

Ọ̀kẹ́rẹ́ na ọwọ́, ó yan kámẹ́rà orí okùn. Àwẹ̀ró hàn ní kọ̀rọ̀ kòtò, ó gbójú sókè, kò mira mọ́.

Ọ̀yà yíjú sí Òkété. “Èéfín tí o fi pa ọmọ mi, ihòkíhò tí o bá wọ̀, yóò bá ọ níbẹ̀.” Láti ọjọ́ náà ni ọdẹ ti ń fi èéfín fín Òkété nínú ihò, títí di òní olónìí.

Ibi tí àlọ́ mi dé tó fi jókòó nìyí. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má dún mọ́.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé, ẹ̀yin ọmọ mi: ẹni tí kò bá mọ ohun èlò lò, kó gba ìkìlọ̀. Bí o bá sì mọ ohùn ọmọ rẹ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ jiyàn lé e.