Àpótí Tí Káfíńtà Kò Ṣe Ilẹ̀kùn Sí

Àwẹ̀ró ọ̀rẹ́ mi, ọkùnrin kan wà, n kò ní í dárúkọ rẹ̀ fún ọ, torí ẹnu rẹ kì í dúró sójú kan. Káfíńtà ni, ìlú kan ní Òkè-Ògùn ló ń gbé. Kò sí ilé gidi kan nínú ìlú náà tí kì í ṣe òun ló kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Tó bá kan ilẹ̀kùn tí ilẹ̀kùn náà bá padé, ó padé náà nìyẹn, eruku gan-an kò ní í rí ọ̀nà gbà. Ó mọṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọṣẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìdálẹ̀, ilé wá dákẹ́ fún un. Ó ń wá nǹkan ẹlẹ́mìí tí yóò máa sìn. Ní ọjọ́ kan ó lọ kan fèrèsé fún obìnrin kan ní ìlú kejì. Ibẹ̀ ló ti rí eku orí igi.

O ò mọ eku orí igi? Kì í ṣe èkúté tó ń jẹ gàrí rẹ o. Eku kékeré kan báyìí ni, aláwọ̀ eérú, ojú rẹ̀ dúdú ó sì tóbi, ìrù rẹ̀ kún bí ti ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀sán ló fi ń sùn. Tí oòrùn bá ń wọ̀ ló máa ń jáde, tí yóò máa fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Tó bá mú tata, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń dì í mú bí ọmọ ilé-ìwé tó rí àkàrà gbà. Ẹni tó bá rí i tí kò rẹ́rìn-ín, kí ó lọ rí dókítà.

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí obìnrin yìí ti ń sìn wọ́n. Kì í mú wọn nínú igbó. Àwọn tí a bí sínú ilé rẹ̀ ló ń fúnni, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́ ló ń fún. Ó bi káfíńtà ní ìbéèrè bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ. Ṣé ológbò wà nílé? Ta ni yóò máa fún wọn lómi nígbà tí ẹ bá lọ ibi iṣẹ́? Ó ní kí ó má ṣe fi ìrù gbé wọn láéláé, torí awọ ìrù náà á bọ́ sí i lọ́wọ́, kò sì ní í hù mọ́. Ó ní bí ọyẹ́ bá dé, kí ó jẹ́ kí ibi tí wọ́n wà móoru. Ó ní ọmọ ìyá kan náà kò gbọdọ̀ gun ara wọn, pé tí wọ́n bá ti bímọ, kí ó ránṣẹ́ sí òun kí àwọn ṣe pàṣípààrọ̀ ọmọ. Èyí tó wá fi di ọ̀rọ̀ náà nìyí: "Baba, tí ẹ bá ti rí abo tó ń kó ewé gbígbẹ wọ inú ìtẹ́, ẹ mójú kúrò níbẹ̀. Ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ fún un lómi, kí ẹ máa bá tiyín lọ."

Káfíńtà ní òun ti gbọ́. O kúkú mọ bí ènìyàn ṣe ń gbọ́.

Ó gbé takọtabo délé, ó kan ilé fún wọn. Háà! Ilé náà ga dé àyà rẹ̀. Ojú nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré débi pé ìka ọmọ ọwọ́ kò lè wọ̀ ọ́, ẹ̀ka igi sì wà nínú rẹ̀ lóríṣiríṣi fún wọn láti gùn. Ó kan àpótí kan sí òkè pátápátá fún ìtẹ́ wọn, ó sì ṣe ilẹ̀kùn sára àpótí náà, ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń padé láìdún rárá. Jọ̀ọ́, kí ni eku fẹ́ fi ilẹ̀kùn ṣe? Ihò ni eku ń gbà wọlé. Nítorí ojú káfíńtà ni ilẹ̀kùn náà fi wà níbẹ̀.

Ó sọ abo ní Olójúńlá. Nígbà tó yá, Olójúńlá kó ewé gbígbẹ, ó bímọ. Káfíńtà gbọ́ igbe wọn tín-ín-tín nínú àpótí, inú rẹ̀ dùn, ó ṣí ilẹ̀kùn wò. Mẹ́rin ni wọ́n, pupa, kò sí irun kan lára wọn. Ó pa á dé. Aládùúgbò rẹ̀ yà wọlé, ó ṣí i fún un. Ẹni tó wá gbé àga tó ti sanwó rẹ̀ wọlé, ó ṣí i fún òun náà, ìyẹn sì fi fóònù ya fọ́tò. Ní ọjọ́ kẹta, Olójúńlá jáde kúrò nínú àpótí. Ó lọ jókòó sí ẹ̀ka tó jìnnà jù lọ, kò sì padà wọlé mọ́. Àwọn ọmọ náà kú.

Ó dun káfíńtà. Ó gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi mángòrò, ó ń sin wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan ń kọjá lójú ọ̀nà, ó kí i pé, "Baba, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Káfíńtà ní, "Mò ń sin eku ni."

Ìyá náà ní, "Ẹ kú ọ̀sìn o! Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n máa pọ̀ sí i." Ó bá tirẹ̀ lọ. Rẹ́rìn-ín, Àwẹ̀ró, mo mọ̀ pé ó ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Abo náà bí lẹ́ẹ̀kejì. Káfíńtà búra pé òun kò ní í ṣí i. Ó ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n wà láàyè ni. Wọ́n wà láàyè. Ní ọjọ́ kejì ó tún ṣí i, kí ó lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà láàyè. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti padà sábẹ́ igi mángòrò pẹ̀lú ọkọ́.

Ọ̀rọ̀ dé etí obìnrin ọlọ́sìn, ó wá. Ó wo ilé eku, ó yin iṣẹ́ ọwọ́ káfíńtà. Ó wo ilẹ̀kùn ara àpótí, kò yìn ín. Ó ní, "Baba, mo ní kí ẹ máa sin eku. Ẹ wá ń sin eku."

Káfíńtà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó yé e. Yorùbá gbọ́n, Àwẹ̀ró. Ẹni tó ń sìn ín yàtọ̀ sí ẹni tó ń sin ín, ṣùgbọ́n tí o bá ti fi eku sí ìdí ọ̀rọ̀ náà, etí kò lè dá wọn mọ̀ mọ́. Ọwọ́ tí ènìyàn fi ń ṣe é nìkan ló lè sọ èwo ló ń ṣe.

Obìnrin náà ní, "Tí àwọn mìíràn bá tún kú, màá mú Olójúńlá lọ. Kì í ṣe ìbínú o. Kò kàn yẹ kó máa bímọ fún ilẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ káfíńtà lára. Ó fẹ́ràn ẹranko yẹn. Lálaalẹ́ tó bá ń jẹun, Olójúńlá máa ń wá mú ẹ̀pà lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń bá a jẹun nínú ilé náà. Ó rò ó títí. Kí òun tún búra ni? Ó ti búra rí. Kí òun ní sùúrù? Kò ní, ó sì mọ̀ pé òun kò ní. Nígbà tí abo kò tíì lóyún, ó tú àpótí náà kúrò, ó kan òmíràn. Ó fi pákó dí i yí ká, ihò kan ṣoṣo tó gba eku ló fi sílẹ̀. Kò ṣe ilẹ̀kùn sí i.

Ìlú fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àgbà ti dé sí ọ̀gá, ó ti ń gbàgbé ilẹ̀kùn. Ó ní, "N kò gbàgbé. Èmi fúnra mi ni n kò fọkàn tán."

Olójúńlá kó ewé lẹ́ẹ̀kẹta. Káfíńtà gbọ́ igbe fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ń fi tata, ìbẹ́pẹ àti ẹyin sísè sílẹ̀ fún ìyá ọmọ, ó ń pààrọ̀ omi, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò mọ̀ bóyá ọmọ wà níbẹ̀ tàbí òkú.

Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà dé láti Ìbàdàn. Ó ti gbọ́ ìròyìn eku, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ọmọ wọn. "Ṣí i kí n wò ó," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò nílẹ̀kùn."

"Ìwọ! Ìwọ lo kan nǹkan tí kò nílẹ̀kùn? Ó dáa, mú òòlù, kí o tú pákó kan."

Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ẹ nà mí tí ẹ bá fẹ́. N kò ní í tú u."

Ẹ̀gbọ́n bínú. Ó ní òun wọkọ̀ láti Ìbàdàn wá wo pákó. Ó jókòó sórí àga inú yàrá náà, ó káwọ́ mọ́yà, ó ní òun kò jẹ iyán, òun kò mu omi, òun kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Káfíńtà náà kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kó má baà dá kún un. Àwọn àgbà méjì jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, gbogbo yàrá dákẹ́ lọ gbári.

Imú kan yọ lójú ihò. Olójúńlá ni. Ó wò wọ́n, ó jáde. Imú kékeré kan tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà òmíràn, lẹ́yìn náà méjì pa pọ̀ tí wọ́n ń ti ara wọn. Ìkẹyìn tiẹ̀ já bọ́ sórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ó dìde, ó nu ojú rẹ̀ bí ẹni pé ohun tó fẹ́ ṣe nìyẹn. Gbogbo wọn ló ní irun, gbogbo wọn ló ní ìrù kíkún!

Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà lórí. Ó rọra ní, "Àbúrò, márùn-ún ni."

"Ẹ má pariwo."

"Ta ló ń pariwo?" Ó fi fìlà bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín tí èjìká rẹ̀ ń mì. Omi ń bọ́ lójú káfíńtà, kò sì nù ún. Nígbà tó ṣe, ẹ̀gbọ́n bèèrè pé iyán yẹn ńkọ́. Ọjọ́ méjì ló fẹ́ lò, ọjọ́ mẹ́fà ló lò, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló sì ń gbé àga rẹ̀ síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, obìnrin ọlọ́sìn, tó rò pé àwọn ọmọ tún ti kú, dé pẹ̀lú àgò tó fẹ́ fi gbé Olójúńlá lọ. Ó rí ohun tó rí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ méjì ló fi àgò náà gbé lọ fún pàṣípààrọ̀. Olójúńlá dúró sílé rẹ̀.

Ó dáa, Àwẹ̀ró, ìwọ ló kù. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ tí ìyàwó wọ ilé ọmọ rẹ ọkùnrin. Ojoojúmọ́ lo wà níbẹ̀. Ò ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò. Ò ń ṣí yàrá wò. Ò ń wo ikùn ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń wo àkàrà nínú epo, o sì ń mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá bá ọ wò ó. N kò sọ pé ènìyàn burúkú ni ọ́. Káfíńtà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìfẹ́ ló fi ń ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ti sùn sílé ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí. Ẹ̀ka tó jìnnà nìyẹn. Tí o kò bá rí i, èmi rí i.

Má búra fún mi, mo ti mọ̀ ọ́ tipẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ilé wọn tí o so mọ́ etí ìró rẹ yẹn, tú u. Lọ fi lé ìyàwó lọ́wọ́ fúnra rẹ, kí o kí i dáadáa, kí o sì máa bọ̀ nílé rẹ. Jókòó jẹ́ẹ́, se oúnjẹ tó pọ̀ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ni yóò wá kan ilẹ̀kùn rẹ.